Orí Kẹfà: Wáyà ni Bírékà Ń Ṣọ́

Ní Chicago, òtútù a máa wọnú ilẹ̀ lọ jìnnà nígbà tí yìnyín bá dé, débi pé òfin ìkọ́lé ìlú náà béèrè pé kí ìpìlẹ̀ ilé jìn tó ínṣì 42. Omi inú ilẹ̀ tó bá dì a máa wú. Bó bá wú lábẹ́ ìpìlẹ̀ tí kò jìn, yóò gbé ilé sókè, ògiri yóò sì sán. Ẹni tó ti gbẹ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní í ṣòro fún un láti gbẹ́ ẹ díẹ̀ sí i, kó sì sọ ọ́ di yàrá. Bí àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní basement ṣe wọ́pọ̀ ní apá àríwá Amẹ́ríkà nìyẹn. Ní Houston, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí púpọ̀, ilẹ̀ kì í dì bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè rin àdúgbò kan já kí ẹ má rí ilé kan tó ní i.

Fún ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́, yàrá yìí wúlò gan-an. Káfíńtà tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn jẹun lọ́sàn-án lè sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ lálẹ́ kó lọ kan àga. Kò sí owó ṣọ́ọ̀bù láti san, òjò kò pa pákó, òtútù kò sì lé e wọlé. Ṣùgbọ́n iná tí àwọn tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ fi síbẹ̀ kò ju gílóòbù kan tó so rọ̀ lókè àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n so ayùn, ẹ̀rọ tó ń fa lẹ́búlẹ́bú pákó àti hítà pọ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yìí, ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti àwọn tó ń sùn lókè ṣeré.

Orí ilẹ̀ tí a ó dúró lé ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kọnkéré kì í gbé iná, nítorí òkúta àti yanrìn ni wọ́n mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kọnkéré tó fara kan ilẹ̀ a máa fa omi láti ìsàlẹ̀, omi náà a sì yọ́ àwọn èròjà inú sìmẹ́ǹtì tó ń jẹ́ kí iná lè gbà á kọjá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ológun Amẹ́ríkà ní kí onímọ̀ iná kan tó ń jẹ́ Herbert Ufer wá ọ̀nà tí mànàmáná kò fi ní í ṣọṣẹ́ ní àwọn ilé tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí ní Arizona. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú, ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn bá gbá wọlẹ̀ lásán kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ufer so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin tó wà nínú kọnkéré ìpìlẹ̀, ó sì rí i pé ó ń mú iná wọlẹ̀ ju bí òun ti rò lọ. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ iná ibẹ̀ fi ń pe irú ẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó wọ bàtà tó ti rin, tó sì dúró lórí kọnkéré àjà ilẹ̀, orí ẹ́ẹ̀tì ló dúró lé. Bí iná bá ṣìnà nínú dírílù tó dì mú, tó bọ́ sára irin rẹ̀, ara ẹni náà ni yóò gbà lọ sílẹ̀. Ní yàrá òkè, lórí pákó àti kápẹ́ẹ̀tì tó gbẹ, dírílù kan náà lè kàn ta á lọ́wọ́ lásán.

Iná tó lè pa ènìyàn kò tó nǹkan. Charles Dalziel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Berkeley, ṣe àyẹ̀wò lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, láti mọ ìwọ̀n iná tí ọwọ́ ènìyàn ṣì lè jù sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rí i pé bí iná tó ń gba ara kọjá bá ti ju nǹkan bíi mílí-áńpù 16 lọ, ọkùnrin tó wà ní ìwọ̀n àárín kò ní í lè ju wáyà sílẹ̀ mọ́. Ti obìnrin jẹ́ nǹkan bíi 10 àbọ̀. Àwọn kan wà tí tiwọn kéré sí i púpọ̀. Ohun tó fà á ni pé iná ń pàṣẹ fún gbogbo iṣan apá lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan tó ń pa ọwọ́ dé sì lágbára ju èyí tó ń là á lọ, nítorí náà ọwọ́ yóò dì mọ́ ohun tó ń pa á. Àwọn tó bá wà nítòsí á ní iná ti gbé e. Bó bá tó mílí-áńpù 50 sí 100 tó sì gba àyà kọjá, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì láìfa ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹni náà yóò sì kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí kò bá sí ìrànlọ́wọ́.

Ẹ wá wo bírékà. Èyí tó wọ́pọ̀ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti áńpù 20, ìyẹn mílí-áńpù 20,000. Mílí-áńpù 100 tó ń pa ènìyàn kò ju ìdá kan nínú 200 rẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan lè máa kú lọ́wọ́ lórí kọnkéré, kí bírékà má sì mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀. Wọn kò ṣe é fún ènìyàn. Wáyà inú ògiri ni wọ́n ní kó máa ṣọ́, kó má baà gbóná kó sì dáná sun ilé. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ẹni tó bá ti ní bírékà tuntun nílé a máa sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà pé kò séwu fún òun mọ́.

Dalziel kan náà ló wá ohun tó ń ṣọ́ ènìyàn. Ní 1961 ó ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní GFCI ní Amẹ́ríkà. Nínú rẹ̀, wáyà tí iná ń bá jáde àti èyí tó ń bá padà jọ gba àárín òrùka irin kan kọjá. Bí iye iná tó jáde bá bá iye tó padà dọ́gba, òrùka náà kò ní í sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi mílí-áńpù 5 péré yàtọ̀, a jẹ́ pé iná kan ti gba ibòmíràn lọ, bóyá ara ènìyàn, ẹ̀rọ náà yóò sì já iná láàárín ìdá kan nínú 40 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹni tó ń da àgùntàn ṣe ń kà wọ́n jáde láàárọ̀ tó sì tún ń kà wọ́n wọlé nírọ̀lẹ́ ló ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò sinmi rí. Ohun kan wà tí kò lè ṣe: bí ẹ bá fi ọwọ́ kan di wáyà dúdú tí iná ń bá jáde mú, tí ẹ fi ọwọ́ kejì di funfun tó ń bá padà mú, iye tó jáde àti iye tó padà ṣì dọ́gba, kò sì ní í gbà yín.

Ìwé òfin iná Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń tún ṣe ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ti ń béèrè fún GFCI ní àjà ilẹ̀ tí wọn kò tíì parí láti ìparí àwọn ọdún 1980. Àtẹ̀jáde ti 2020 fẹ̀ ẹ́ sí gbogbo àjà ilẹ̀, ìbáà ti parí tàbí kò tíì parí. Ṣùgbọ́n òfin tuntun kì í wọ ilé àtijọ́ lọ fúnra rẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́ ní 1955, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún iná rẹ̀ ṣe, kò lè ní in.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó máa ṣírò. Ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ní àti èyí tí ẹ ń retí sí i, kí ẹ sì wo iye áńpù tí wọ́n kọ sára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mọ́tò wọn. Fóólìtì 120 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi áńpù 20 sọ ọ́ di púpọ̀, wáàtì 2,400 ni ẹ ó rí. Ayùn orí tábìlì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin kan àbọ̀ lè mu áńpù 15 nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa lẹ́búlẹ́bú pákó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà kan náà pẹ̀lú ayùn, nítorí náà kò lè bá a gbé lórí bírékà kan. Hítà nìkan máa ń jẹ wáàtì 1,500. Ó kéré tán, ayùn yẹ kó ní bírékà tirẹ̀, ohun tó ń fa ìdọ̀tí tirẹ̀, àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ara tábìlì iṣẹ́ tiwọn.

Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ dá bírékà tirẹ̀ ní, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fo èyí nítorí owó wáyà. Bí ayùn bá há sínú pákó tó sì já bírékà, tí gílóòbù sì wà lórí bírékà kan náà, ẹ ó wà nínú òkùnkùn biribiri pẹ̀lú irin mímú tó ṣì ń yí níwájú yín.

Wáyà Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà, nọ́ńbà tó bá kéré ló nípọn. Nọ́ńbà 14 ni ti bírékà áńpù 15, nọ́ńbà 12 ti áńpù 20, nọ́ńbà 10 ti áńpù 30. Ewu tó wọ́pọ̀ jù ni ti ẹni tí bírékà áńpù 15 rẹ̀ ń já lójoojúmọ́, tó wá yọ ọ́ kúrò tó fi ti 20 sí i láìfọwọ́ kan wáyà nọ́ńbà 14 tó wà nínú ògiri. Bírékà kò ní í já mọ́ lóòótọ́. Wáyà ni yóò máa gbóná níbi tí ojú kò tó o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, wáyà oníke lásán tí wọ́n dì pọ̀ ni wọ́n ń lò. Chicago ní tirẹ̀ ń béèrè pé kí wáyà ilé gba inú páìpù irin. Iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, owó sì pọ̀, ṣùgbọ́n fún ṣọ́ọ̀bù tí pákó lè gbá ògiri rẹ̀ nígbàkugbà, èmi fara mọ́ ọn, kódà níbi tí òfin kò ti béèrè fún un.

Ayùn ńlá sàn kí ó jẹ́ ti fóólìtì 240, bí mọ́tò rẹ̀ bá gbà á. Wáyà méjì tó ní iná ló wọ ilé Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fún ilé ní 120, àwọn méjèèjì lápapọ̀ ń fún un ní 240. Mọ́tò tó ń mu áńpù 15 lórí 120 yóò mu 7 àbọ̀ lórí 240, iṣẹ́ kan náà ni yóò sì ṣe. Ooru inú wáyà kì í dín bí iná ṣe dín nìkan: bí iná bá dín sí ìdajì, ooru náà yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Bí ṣọ́ọ̀bù bá pọ̀ lẹ́rù, oníṣẹ́ iná yóò gbé àpótí bírékà kejì sí àjà ilẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó burú wọ́pọ̀ sí. Nínú àpótí àkọ́kọ́, níbi tí iná ti wọlé, wáyà funfun àti ti ẹ́ẹ̀tì so pọ̀. Nínú àpótí kejì, wọn kò gbọ́dọ̀ so pọ̀. Wáyà mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀, méjì tó ní iná, funfun kan, ẹ́ẹ̀tì kan. Bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ níbẹ̀, iná tó yẹ kó gba funfun padà yóò pín ara rẹ̀, apá kan yóò máa gba wáyà ẹ́ẹ̀tì lọ ní gbogbo ìgbà. Bí wáyà funfun bá sì wá já lọ́jọ́ kan, gbogbo irin ṣọ́ọ̀bù, títí kan ara ayùn tí ẹ fara tì, lè ní iná.

Ìlànà lórí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ iná yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọ̀pọ̀ ń jẹ́ kí onílé ṣe ti ilé tó ń gbé fúnra rẹ̀ bó bá gba ìwé àṣẹ, tí òṣìṣẹ́ ìjọba sì wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó bo ògiri. Ní tèmi, ẹni tó fara balẹ̀ lè so sọ́kẹ́ẹ̀tì. Inú àpótí bírékà ni mo ní kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní láísẹ́ǹsì. Bí ẹ tilẹ̀ pa bírékà ńlá, irin méjì tí wáyà láti ojú pópó dé lé lórí ṣì ní iná, kò sì sí ohun tí ẹ lè tẹ̀ nínú àpótí yẹn tí yóò pa á.

Bí ẹ bá wá fẹ́ so sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa bírékà rẹ̀, kí ẹ sì fi tẹ́sítà wò ó. Ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan ibi tó dájú pé iná wà, kí ẹ fi kan ibi tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ tún padà fi kan ibi tí iná wà, nítorí tẹ́sítà tí bátìrì rẹ̀ kú yóò sọ pé kò síná níbi gbogbo. Ẹ bó ike orí wáyà kúrò tó ínṣì kan dín díẹ̀, ẹ fi púláyà tẹ orí rẹ̀ bí ìkọ́. Dúdú lọ sí ìdè aláwọ̀ idẹ, funfun lọ sí ti fàdákà, èyí tí kò ní ike lọ sí ìdè aláwọ̀ ewé. Ẹ jẹ́ kí ìkọ́ náà yí ìdè ká bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí yíyí tí ẹ ń yí ìdè lọ lè máa fà á wọlé dípò kó máa tì í jáde. Àwọn ihò kékeré wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ní kí ènìyàn kàn ti wáyà bọ̀. Ẹ má lò wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Wáyà tí kò dì múṣinṣin ń gbóná níbi tó ti fẹnu kan, mọ́tò tó ń gbọn tábìlì yóò sì máa tú u sí i.

Ìmọ́lẹ̀ náà lè tan ojú jẹ. Iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà túùbù funfun àtijọ́ ń ṣẹ́jú ní ìgbà 120. Bí eyín ayùn bá ń yí ní ìwọ̀n tó bá bí túùbù náà ṣe ń ṣẹ́jú mu, yóò dà bíi pé ayùn náà dúró jẹ́ẹ́. LED tó dára kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún rí i pé ayùn yín ní suwíìṣì tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, tí kì í sì padà tàn àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: iná lọ, ó tẹ ọwọ́ bọ ibi tí ayùn wà láti yọ pákó tó há, wọ́n sì mú iná dé.

Iná nìkan kọ́ ló wà nínú yàrá yìí tó lè ṣe ara níbi. Radon jẹ́ gáàsì tí kò láwọ̀ tí kò sì lóòórùn, tó ń ti inú òkúta àti ilẹ̀ jáde gba ibi tó sán lára kọnkéré wọlé. Lẹ́yìn sìgá, òun ló ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù ní Amẹ́ríkà. Àjà ilẹ̀ ló sì máa ń pọ̀ sí jù nínú ilé. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kò wọ́n. Bó bá tó picocurie 4 nínú lítà afẹ́fẹ́ kan, EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ní kí onílé wá àwọn tó máa gbé fáànù àti páìpù tí yóò fà á jáde sí i. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó máa lo alẹ́ yín níbẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó náà wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ àjọ àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ ti kà mọ́ ohun tó ń fà á, pàápàá ní ihò imú. Ti ìrókò, tí àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti máa wá kiri fún àga, a máa fa ikọ́, ó sì ń yún ara. Ẹ má sì fọ́n fáníìṣì nítòsí ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì gbé omi kaná, nítorí iná kékeré lè máa jó lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Àwọn kan ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí pẹ̀lú èrò pé lọ́jọ́ kan wọn yóò kó wọn sínú kọ̀ǹténà lọ sílé. Ní Nàìjíríà, fóólìtì 230 ni iná, ìgbà 50 ló sì ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe 60. Tíránsífọ́mà lè sọ 230 di 120, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60. Dírílù ọwọ́ tó ní kábọ́ọ̀nù kò ní wàhálà pẹ̀lú èyí. Mọ́tò ńlá tí kò ní kábọ́ọ̀nù, irú èyí tó wà lára kọ̀ńpírẹ́sọ̀ àti ayùn ńlá, yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà lọ́ra sí i, yóò sì gbóná. Tíránsífọ́mà tó ń gbé 100 jáde dípò 120 yóò dín ooru náà kù, agbára mọ́tò náà yóò sì dín díẹ̀. Ní ti ààbò, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ GFCI wà lọ́jà ilé wa; RCD ni wọ́n ń pè é, èyí tí wọ́n fi ń ṣọ́ ènìyàn sì ń já ní mílí-áńpù 30. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ iná bóyá ilé náà ní ẹ́ẹ̀tì rárá, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ní ihò ẹ́ẹ̀tì lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wáyà kankan kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àjà ilẹ̀ yín lálẹ́ òní. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bá ní bọ́tìnì TEST, ẹ tẹ̀ ẹ́. Iná gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá já, ó ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí bọ́tìnì lára rẹ̀, tí kò sì sí lára bírékà tó ń gbé iná wá fún un, ẹ pe oníṣẹ́ iná lọ́la, kí ẹ má sì so ayùn mọ́ ọn títí tí yóò fi ṣe é.